Kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ tó di ẹfun nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó máa ka ojú ìwé yìí ló ti ní ìwé èsì àwòrán orí lọ́wọ́, bóyá láti Ṣàgámù, bóyá láti Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì inú rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn: calcified (tó di ẹfun), vascular (ti iṣan ẹ̀jẹ̀), cavernoma (orúkọ kókó náà). Ẹ gbé ìwé náà sójú bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Bó bá jẹ́ pé gìrì ló ń mú ẹnì kan lọ́wọ́ nínú ilé báyìí, ẹ fo gbogbo èyí, ẹ lọ síbi tí a kọ "Gìrì ti mú un" sí. Ẹ ó padà wá ka ìyókù.

Kí ni kókó yìí gan-an? Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í fọ́n ká sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. "Tumour" tí wọ́n kọ mọ́ ọn kò ju pé nǹkan kan wú síbi tí kò yẹ kó wà. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é jù lọ ni cavernoma. Bí ẹ bá rí cavernous malformation, cavernous angioma tàbí cavernous hemangioma, nǹkan kan náà ni.

Ẹ fojú inú wo ìdì ẹyìn kékeré kan. Ká ní ẹyìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpò tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí gbogbo wọn sì fún mọ́ra débi pé kò sí ẹran ọpọlọ kankan láàárín wọn. Bó ṣe rí nìyẹn. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn ní ìpele mẹ́ta lára, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè gba agbára ẹ̀jẹ̀. Àpò inú cavernoma ní ìpele kan ṣoṣo. Ohun tó yọ wá níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í ya wọ inú rẹ̀, ń ṣe ló ń rọra fà bí omi àbàtà. Ìdí nìyẹn tí jíjò rẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí kì í bú jáde bí ti iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́.

Kì í ṣe nǹkan àìrírí náà. Nínú igba èèyàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní in lórí, ọ̀pọ̀ wọn á sì darúgbó láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Báwo ló ṣe di ẹfun? Ṣé wàrà àti egungun tí à ń jẹ ni?

Rárá o. Ẹ má torí èyí gba wàrà tàbí ẹja ṣàwá lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń fà láìyára máa ń dì nínú àwọn àpò náà. Èyí tó bá jò síta kò ríbi lọ, irin inú rẹ̀ á wá dúró sára ọpọlọ tó yí kókó náà ká, á pa á láró bí ìpáàrà ṣe ń pa aṣọ tí wọ́n sá sórí páànù. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì tó sì ti gbó, kálísíọ́ọ̀mù a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ọdún á gorí ọdún, ibẹ̀ á le gbagidi. Ní 1948, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Wilder Penfield àti Arthur Ward pe irú èyí tó di ẹfun tó sì ń fa wárápá ní hemangioma calcificans. Ẹ ṣì lè rí orúkọ yẹn nínú èsì àyẹ̀wò.

Ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Àkọ́kọ́, ẹfun jẹ́ àmì pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe àmì pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú. Èkejì, ẹfun kò di ojú rẹ̀ pa: apá kan lè ti le bí òkúta kí apá kejì ṣì máa jò. Ní ti wárápá, ìpáàrà yẹn ló ń yọ ọpọlọ lẹ́nu ju ẹfun fúnra rẹ̀ lọ.

CT (àwòrán orí tí wọ́n ń fi X-ray yà) tí a ṣe kàn kọ "calcification". Ṣé ó ti dájú pé òun ni?

Kò dájú rárá, ibi yìí sì ni ìpayà àìnídìí ti ń wọlé jù. CT mọ ẹfun í rí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Àgbàlagbà tó pé àádọ́ta ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní ẹfun díẹ̀ láàárín gbùngbùn ọpọlọ, níbi tí wọ́n ń pè ní pineal, àti níbi tí omi ọpọlọ ti ń wá. Kò túmọ̀ sí nǹkankan. Aràn tó ń ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá lè wọ ọpọlọ, bó bá kú síbẹ̀, á di ẹfun roboto bí èso àgbàdo, òun náà sì ń fa gìrì. Ikọ́ ife tó wọ ọpọlọ lè fi ẹfun sílẹ̀. Àwọn kókó míràn bíi meningioma àti oligodendroglioma máa ń ní ẹfun nínú, ìtọ́jú tiwọn sì yàtọ̀ pátápátá.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àmì pupa rúsúrúsú níwájú orí àti ìpéǹpéjú kan, tí gìrì sì ń mú, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó fún Sturge-Weber. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bo ojú ọpọlọ nínú ìyẹn. Nínú CT, ẹfun rẹ̀ máa ń sá lọ ní ìlà méjì bí ojú irin rélùwéè. Ẹ má ṣe gbàgbé ojú rẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí glaucoma, àìsàn tó ń mú kí ojú le, tó sì lè fọ́ ọ.

Àwòrán wo ló ń fi òótọ́ hàn, báwo la ṣe ń múra rẹ̀?

MRI ni, àwòrán tí wọ́n ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yà. Nínú rẹ̀, cavernoma máa ń jọ gúgúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́: funfun àti dúdú dà pọ̀ láàárín, òrùka dúdú yí i ká. Òrùka dúdú yẹn ni ìpáàrà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ fún dókítà kó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n fi SWI tàbí gradient echo kún un, irú àwòrán MRI tó ń mọ irin inú ẹ̀jẹ̀ í rí. Láìsí i, èyí tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lè pòórá nínú àwòrán, ẹni tó ní mẹ́wàá á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹyọ kan ló ní. Àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi oògùn ṣe, angiogram, kì í sábà rí i nítorí ẹ̀jẹ̀ kò sáré tó níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé "angiogram ò rí nǹkankan", kò tako MRI.

Ẹ pe ibi tí ẹ fẹ́ lọ lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìṣarà: ẹ̀rọ MRI a máa bàjẹ́, iná a sì máa ṣe ségesège. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣé wọ́n ń ṣe SWI, ṣé wọ́n á fún yín ní CD. Ẹ gba CD yẹn o, ẹ má gba fíìmù nìkan. Oníṣẹ́ abẹ tó bá fẹ́ wọn ibi tí kókó náà dé lórí kọ̀ǹpútà kò lè rí i wọ̀n lára fíìmù.

Lọ́jọ́ náà, ẹ tú irun tó ní pín-ìn-nì tàbí wáyà nínú, ẹ bọ́ yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó bá ní irin, ẹ nu tìróò kúrò, ẹ yọ òǹdè tó bá ní irin nínú. Bí irin bá ti wà nínú ara yín rí, láti orí egungun tí wọ́n fi rọ́ọ̀dù sí dé ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ tàbí ọta ìbọn àgbélẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù sínú ẹran, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ariwo ẹ̀rọ náà le, ó sì ń gbà tó ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú. Ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ lè nílò oògùn oorun, ẹ béèrè ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun jíjẹun.

Ṣé ó ń jà nínú ẹbí?

Nínú márùn-ún, bí ẹnì kan ló jogún rẹ̀. Apilẹ̀ àbùdá mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn: CCM1, CCM2 àti CCM3, èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń tètè jò jù. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti gbà á, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Ohun tó ń tú àṣírí ni iye: ẹni tó jogún rẹ̀ sábà máa ń ní púpọ̀ lórí. Ẹni tó ní ẹyọ kan, tí kò sẹ́ni tí gìrì mú tàbí tí rọlápárọlẹ́sẹ̀ kọlù ní kékeré nínú ẹbí, kò sí ìdí láti kó gbogbo ọmọ lọ ṣe MRI. Àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ sàn lórí ní kékeré lè ní in lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú, láìjogún.

Kí ni èèyàn máa ń rí lára?

Ibi tó bá wà ló ń sọ. Nínú márùn-ún, bíi mẹ́rin ń wà lókè, nínú ọpọlọ ńlá, gìrì sì ni àkọ́kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń rí. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo gìrì ló ń ṣubú lulẹ̀: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí lè jẹ́ kí èèyàn kàn dákẹ́, kó máa wò ṣàkò, kó máa jẹnu bí ẹni ń jẹ obì, kó má sì rántí nǹkankan lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti nà nílé ìwé nítorí irú èyí.

Èyí tó bá wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, a máa mú kí èèyàn rí nǹkan kan ní méjì, kí ojú yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ohùn há, kí ìrìn máa wọ́. Ẹ̀fọ́rí pọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí pọ̀ láàárín gbogbo ayé, a kò sì ní í dá cavernoma lẹ́bi àfi bí àwòrán bá fi hàn pé ó jò.

Èyí tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́?

Ó ṣọ̀wọ́n, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ń ṣèpalára ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nítorí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ kékeré lọ. Nǹkan tó tóbi bí èso ẹ̀wà kan ti tó láti há a.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí: ẹ̀yìn dun èèyàn lójijì lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ kan rọ tàbí ó kú tìpìrì, ó san díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní làkúrègbé ni. Oṣù mẹ́fà tàbí ọdún méjì kọjá, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn ni. Nígbà míì ẹsẹ̀ ọ̀tún ni agbára ń tán níbẹ̀, tó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ni kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù: ẹni tó ń wẹ̀ á rí i pé ẹsẹ̀ kan ń mọ omi gbígbóná, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún dókítà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, nítorí ó ń tọ́ka sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe oríkèé.

X-ray ẹ̀yìn kò lè rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fà á títí MRI á fi dé. Bí ìtọ̀ bá há, tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ojú ara kú tìpìrì, ọjọ́ yẹn náà ni ilé ìwòsàn.

Gìrì ti mú un. Kí la ó ṣe?

Ẹ wo aago. Lójú àwọn tó dúró tì í, ìṣẹ́jú kan máa ń dà bíi mẹ́wàá, ìpinnu tó kù sì dúró lórí aago yẹn.

Ẹ kó àga, òkúta àti ohun gbígbóná kúrò nítòsí. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn àti gèlè. Bí gbígbọ̀n bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí itọ́ lè ṣàn síta dípò kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kó rí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀: fídíò ogún ìṣẹ́jú àáyá wúlò fún dókítà ju àlàyé wákàtí kan lọ, pàápàá bó bá fi hàn pé apá kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ṣíbí, igi tàbí ìka sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Eyín ló ń kán, á sì bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má fín ata tàbí àlùbọ́sà sójú rẹ̀. Ní ti àgbo ìtọ̀ màálù, a fẹ́ kó yé gbogbo ìyá àgbà ilé: ewé tábà tó wà nínú rẹ̀ ń pa èémí, àgbo náà sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé gìrì tí ì bá tán fúnra rẹ̀ á di dídákú. Ohun tó ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà míì kì í ṣe gìrì mọ́, àgbo ni.

Bó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kó tó lajú, tàbí tó bá jẹ́ nínú omi, tàbí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ̀, ẹ gbé e lọ. Bí dókítà bá ti kọ diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, tí wọ́n ń fi sí ihò ìdí fún yín tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn náà oorun á gbé e. Kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu, títí á fi lè sọ orúkọ ara rẹ̀ jáde ketekete.

Oògùn wárápá: èwo, báwo, kí ló ń bà á jẹ́?

Ẹni tó ní cavernoma tí gìrì ti mú lẹ́ẹ̀kan péré ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò níláti dúró de èkejì: nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, bíi mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni yóò di oníwárápá láàárín ọdún márùn-ún. Ẹni tí gìrì kò mú rí kò nílò oògùn.

Carbamazepine àti levetiracetam ni wọ́n sábà ń kọ. Carbamazepine kì í wọ́n. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, 100 sí 200 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n á wá máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ara bá sú jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, pàápàá tí ẹnu tàbí ojú bá bó, ẹ dá a dúró, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Levetiracetam kì í bá oògùn míràn jà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ onísùúrù di abínúfùfù. Bí ìwà ọmọ bá yí padà lójijì, ẹ má nà án, ẹ lọ sọ fún dókítà. Valproate kò dára fún ọmọbìnrin tàbí obìnrin tó ṣì lè lóyún, ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni pé oògùn tán lọ́jọ́ Àìkú, ó di Ọjọ́rú kí wọ́n tó ra òmíràn. Ẹ máa ní ti ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ nígbà gbogbo. Dídáwọ́ oògùn dúró lójijì lè fa gìrì àtẹ̀léra tí kì í dúró.

Ibà ńkọ́? Carbamazepine àti àwọn oògùn wárápá méjì míràn, phenytoin àti phenobarbital, ń fọ oògùn ibà artemether-lumefantrine kúrò lára kíákíá, ibà á wá dà bí ẹni pé kò gbọ́ oògùn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn ibà fún yín. Oògùn mẹ́ta yìí kan náà ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá di aláìlágbára. Mefloquine tó jẹ́ oògùn ibà àti tramadol tó jẹ́ oògùn ìrora lè ru gìrì sókè. Tramadol tí àwọn ọmọ ń gbé mì ní gáréèjì kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní wárápá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àìsùn náà ń ru ú sókè, ìbáà jẹ́ ìsọjí òru, ìbáà jẹ́ òkú àgbà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè lo oògùn ẹ̀ẹ̀mejì nígbà sààrì àti nígbà ìṣínu. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kò ní í bá a mu, kí dókítà yí i padà kí Ramadan tó dé.

Ṣé ó máa jò? Ẹ sọ òótọ́ fún wa.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 kó èèyàn 1,620 jọ, ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn tí tiwọn kò sí ní ìdí ọpọlọ, tí kò sì jò rí: bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló jò. Ìdí ọpọlọ, kò jò rí: mẹ́jọ. Kò sí ní ìdí ọpọlọ ṣùgbọ́n ó ti jò rí: méjìdínlógún. Ìdí ọpọlọ tó ti jò rí: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà ni "Níbo ló wà, ṣé ó ti jò rí?" Ìwọ̀n rẹ̀ kò sọ púpọ̀. Ewu èyí tó jò máa ń ga ní ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, á wá rọlẹ̀.

Bó bá jò: ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì pẹ̀lú èébì, apá tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ohùn tó há, ojú tó ń rí méjì, gìrì tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. CT lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Aspirin àti oògùn tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Àwọn ìwádìí tó wà kò fi hàn pé wọ́n ń mú cavernoma jò sí i. Bàbá tí wọ́n kọ aspirin fún nítorí ọkàn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìwé àwòrán orí. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jò, ìyẹn yàtọ̀, kí dókítà méjèèjì jọ sọ̀rọ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ?

Ẹni tí kò ní àmì kankan, tí wọ́n kàn ṣàdédé rí tirẹ̀: ẹ fi í sílẹ̀. A mọ̀ pé ó ṣòro láti gbà pé nǹkan wà lórí èèyàn kí wọ́n má yọ ọ́, ṣùgbọ́n abẹ náà ní ewu tirẹ̀, ó sì ju ewu tó ń sùn jẹ́jẹ́ lọ.

Wọ́n ń ronú abẹ bí wárápá kò bá gbọ́ oògùn méjì tí wọ́n lò dáadáa, bó bá ti jò tó sì wà níbi tí ọwọ́ lè dé, tàbí bí ti ọ̀pá ẹ̀yìn bá ń sọ èèyàn kalẹ̀. Ti ìdí ọpọlọ, àfi èyí tó ti jò, lọ́pọ̀ ìgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tó sì ti yọjú síta lára ọpọlọ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá níláti la ọpọlọ tó dára kọjá kó tó dé ibẹ̀, ìpalára ni yóò gbé bọ̀.

Wọ́n á kun èèyàn lóorun, wọ́n á ṣí ojúlé kékeré lára agbárí, wọ́n á fi awò amúǹkantóbi wọlé, wọ́n á sì yọ gbogbo àpò náà. Ìdajì kò tó: èyí tó bá ṣẹ́ kù á tún jò. Nítorí wárápá, wọ́n á ha ìpáàrà tó yí i ká kúrò pẹ̀lú, bí kò bá sí níbi tó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣan kan sábà máa ń wà tó ya ẹ̀ka bí igi. Wọn kì í fọwọ́ kan ìyẹn, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lọ, bí wọ́n bá dí i, ọpọlọ ibẹ̀ á wú. Ẹfun ló ń mú iṣẹ́ náà le. Cavernoma rírọ̀ máa ń fún pọ̀ bí kànìnkànìn tí wọ́n bá fi iná tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rọra fà á yọ. Èyí tó di òkúta kì í fún, ó lẹ̀ mọ́ ọpọlọ, wọ́n níláti fọ́ ọ wẹ́wẹ́ nínú kí wọ́n tó ká èèpo rẹ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bó bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ.

Níbi tó bá ṣeé yọ dáadáa, méje sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni gìrì wọn ń dáwọ́ dúró. Àwọn tí kò jẹ́ kó pẹ́ ju ọdún méjì lọ ló ń rí èrè jù. Oògùn kò ní í dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú okùn abẹ o. Ó kéré tán ẹ ó ṣì lò ó fún ọdún kan.

Láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù àti ti Babcock ní Ìlíṣàn ló sún mọ́ jù nínú àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ́ dókítà. UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí dókítà Latunde Odeku ti dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní 1962, ni ọ̀pọ̀ ń lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Ẹ gbé CD yín dání.

Wọ́n ní ìtànṣán kan wà tí kì í gba abẹ.

Gamma Knife ni. A kì í dá a lábàá àfi fún èyí tó ń jò léraléra níbi tí abẹ kò lè dé. Kì í yọ kókó náà, ó ń tó ọdún méjì kó tó ṣiṣẹ́, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e.

Mo fẹ́ lóyún.

Ẹ lóyún. Kò sí ẹ̀rí pé oyún ń mú kó jò sí i, ẹ sì lè bí i fúnra yín láìsí abẹ àfi bí nǹkan míràn bá fà á. Oògùn ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀: oṣù mẹ́ta kí oyún tó dúró, kí dókítà tún oògùn wárápá yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ folic acid 5 miligíráàmù lójúmọ́. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ẹ rí oyún.

Iṣẹ́ wo ló yẹ kí n fi sílẹ̀?

Bí gìrì kò bá mú yín rí, kò sí. Bó bá ń mú yín, ẹ ronú lórí ibi tí ẹ ó ṣubú sí. Yíyan gàrí ló ń bà wá lẹ́rù jù níhìn-ín: obìnrin tó jókòó ti agbada gbígbóná, tí iná igi ń jó lábẹ́ rẹ̀, bí gìrì bá gbé e, ojú agbada ni yóò ṣubú sí. Kó máa sẹ́ ẹ, kó máa fún un, kí ẹlòmíràn yan án. Ọ̀pẹ gígùn, orí àjà ilé tí wọ́n ń kan páànù sí, ọ̀kadà, kànga tí kò ní ìdérí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí wọ́n máa fi igbá bu omi wẹ̀ dípò wíwọ inú odò. Ọkọ̀ wíwà, ó kéré tán ọdún kan gbáko láìsí gìrì, ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dán an wò. Ẹni tó ń gun ẹṣin l'Ójúde Ọba lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jó lórí ilẹ̀ lọ́dún tí gìrì ṣì ń mú un.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àfi ká wádìí ọ̀rọ̀ yìí nílé.

Ẹ kò níláti bá wọn jà. Kí àdúrà máa lọ, kí oògùn máa lọ pẹ̀lú. Ibi tí a kò ti gbà ni kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ dá oògùn dúró, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó má sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi àwòrán orí náà hàn wọ́n: ọ̀pọ̀ àgbà tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́ ló ń gba ohun tí ojú wọn rí.

Ìgbà mélòó la ó máa ṣe àwòrán?

Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ tún un ṣe ní ọdún kan, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọwọ́ dókítà. Ẹni tó ní ẹyọ kan tó dákẹ́ lè má nílò rẹ̀ mọ́ títí àmì tuntun á fi yọ. Ẹni tó jogún rẹ̀ ń ṣe é lóòrèkóòrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. MRI ni kẹ́ ẹ ṣe, kí ẹ má sì máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń ṣe é, kí wọ́n lè gbé àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò fóònù: orúkọ àrùn náà, apá ibi tó wà lórí, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó jò gbẹ̀yìn, nọ́ńbà ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé. Ẹni tó bá bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ìpẹru tàbí Ọ̀dọ̀gbolú kò ní àkókò láti máa wá CD.